Ọfà Lẹ́yìn Àrán

Ọjọ́rú ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n gbọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́. Bàbá Ooru ló sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, níbi tó dúró sí tó ń rọ omi sínú ike tó fi ń wọ́n aṣọ. Òun ló ń bá wa lọ aṣọ. Ìdí irin gbígbóná ló ti hu ewú, ìyẹn la fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Ara ti le?" ó ní. "A retí rẹ títí lánàá. Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má tíì fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí, pé bóyá wàá yọjú. Nígbà tó di ọ̀sán tí a ò rí ọ, ó ní kò burú, àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

"Kí lẹ ń retí mi fún, Bàbá?"

Ó gbé ike omi náà sílẹ̀. "Pẹ̀lẹ́ ò sọ fún ẹ ni?"

Pẹ̀lẹ́ ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tí a jọ ń gbé inú yàrá kan. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbá àga, yóò yíjú padà kí àga náà pẹ̀lẹ́. Bí òwú bá já mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò kí òwú pẹ̀lẹ́. Ojú-Fèrèsé ló fún un lórúkọ náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé. Ìyẹn máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tó kọjú sí títì, kò sì sí ohun tó ń kọjá níta tí kì í rí, kò sì sí èyí tó rí tí kì í sọ. Èmi ni mo mú Pẹ̀lẹ́ wá síbẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Aṣọ ìkélé là ń rán: ti ojú fèrèsé, ti ilé ìwòsàn, ti ọ́fíìsì. Àwa mẹ́ta la ń rán, Bàbá Ooru ń lọ̀ ọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń gé. Ẹni tó ń gé ló ni àlùmọ́gàjí ńlá, èyí tó gùn tó apá ọmọdé, tó máa ń rọ̀ sórí ìṣó lẹ́yìn tábìlì. Ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn án, ìbáà ṣe láti fi já òwú lásán. Ogún ọdún ló fi wà lọ́wọ́ Ìyá Alámì. Ní oṣù tó kọjá ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, èyí tó ti gé sílẹ̀ là ń rán, bí mo bá sì ti gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ mi, ìṣó yẹn ni mo ń wò. Ọdún méje ni mo ti lò níbẹ̀. Pẹ̀lẹ́ lo mẹ́ta.

Bàbá Ooru sọ ìyókù fún mi, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá rán Pẹ̀lẹ́ sí mi pé bí mo bá lè dìde, kí n wá lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá kan ń bọ̀ wá bá a ṣe àdéhùn aṣọ ìkélé orí pèpéle, ó sì fẹ́ fojú kan ẹni tí yóò gé e. Ọjọ́ náà ni Ọ̀gá yóò fa àlùmọ́gàjí lé ẹnì kan lọ́wọ́. Èmi kò yọjú. Ó fà á lé Pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́.

N kò rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ibà ti gbé mi lọ. Ṣùgbọ́n mo rántí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dáadáa. Pẹ̀lẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé, ó po tíì gbígbóná fún mi, ó fọ aṣọ mi tí òógùn ti rin, nígbà tó fọ̀ ọ́ tán ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ èyí tí kò dọ̀tí. Mo tilẹ̀ súre fún un. Mo ní, "Ọlọ́run á fún ẹ ní ohun tí ọkàn rẹ ń fẹ́." Ó ní, "Àmín, àǹtí mi." Kò wo ojú mi.

Gbogbo ara mi tún gbóná, kì í sì í ṣe ibà lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá Ooru rí i. Kò tíì sí aṣọ tí bàbá yẹn gbé irin lé rí láìkọ́kọ́ gbé e lé àkísà kan tó tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àkísà náà ti jó káàkiri bí ojú ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná ti bá jà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ tí n kì í lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan kí n má dá a padà, ó máa ń sọ fún mi pé, "Irin ò mọ aṣọ tó wọ́n. Ìwọ tí o dì í mú lo mọ̀ ọ́n. Àkísà lákọ̀ọ́kọ́." Ohun tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. "Àkísà lákọ̀ọ́kọ́ o, ọmọ mi."

Mo ti wọlé kí ó tó sọ ọ́ tán.

Pẹ̀lẹ́ wà nídìí tábìlì gígé, ó ń fi òróró díẹ̀ pa ẹnu àlùmọ́gàjí náà. Ó ti fi òwú pupa wé ibi ìdìmú rẹ̀, torí ìka tirẹ̀ tín-ín-rín ju ti Ìyá Alámì lọ. Òwú pupa yẹn ló dùn mí jù. Ó ti pẹ́ tí mo ti yan òwú tèmi sílẹ̀ lọ́kàn. Aláwọ̀ ewé ni.

"Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀. Ṣé ara..."

"Ẹni tí kò mọ ojú abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn," mo ní, mo sì jẹ́ kí ohùn mi dé títì, "òun ló ń gé aṣọ lónìí. Kí lo fún Ọ̀gá jẹ, Pẹ̀lẹ́? Àbí ò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ibà tó gbé mi ṣánlẹ̀ fún ẹ?"

Ẹ̀rọ Ojú-Fèrèsé dákẹ́. Ó yọ píìnì mẹ́ta tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu náà lè ráyè. "Gbogbo ohun tó ti kọjá ní títì láti àárọ̀," ó ní, "kò sí èyí tó dùn ún wò tó báyìí. Ẹni iwájú mà ti dé ẹ̀yìn."

"Mo délé, ẹ ń sùn," Pẹ̀lẹ́ ní. Díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́ ọ. "Mi ò fẹ́ jí yín."

"Láàárọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ṣì ń sùn."

"Nígbà tí mò ń súre fún ẹ lánàá ńkọ́? Orun náà ni mò ń sùn?"

Ó ní "Pẹ̀lẹ́", n kò sì mọ̀ bóyá èmi ló ń kí tàbí àlùmọ́gàjí.

Ọ̀gá jáde láti yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀ lórí iwájú orí. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, aṣọ títà ló mọ̀, kò mọ gígé. "Ẹ̀yin ọmọ ìyá kan náà," ó ní, "ẹni tí ojú mi rí ni mo fún. Bí o bá lẹ́jọ́ rò, wá rò ó nígbà tí ara rẹ bá balẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ rẹ ló ṣì wà yẹn."

Mo jókòó. Nígbà tí Bàbá Ooru gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó fi imú fa afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń gbóòórùn. "Ó ti jó," ó ní. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó mọ̀ ọ́n sọ. Gbogbo ọjọ́ náà, kàkà kí ọ̀rọ̀ tí mo sọ mú ara tù mí, ṣe ló sọ owú inú mi di ohun tí gbogbo ilé ń wò. Ojú-Fèrèsé ń pè mí ní "Ẹ̀gbọ́n Agéṣọ" nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ kí n na òwú sí òun. Èmi fúnra mi kò lè ṣíwọ́ wíwo Pẹ̀lẹ́. Ọrùn rẹ̀ gùn, tèmi kúrú. Ìyá wa kì í pe fóònù mi kó má kọ́kọ́ béèrè, "Àbúrò rẹ ńkọ́?" Ní kékeré, bí wọ́n bá dá aṣọ ọdún fún wa, tirẹ̀ kì í fún un jù, kì í sì í tóbi jù; tèmi ni wọ́n ń sọ pé yóò bá mi mu tó bá yá. Kò yá rí. Bí owú ṣe ń ṣe nìyẹn: ó gbé ohun tó ti lé ní ogún ọdún wá sórí tábìlì, ó sì tẹ́ ẹ bí ẹni pé àná ni wọ́n rà á. Nígbà tí a délé, a jọ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, mo sì gbé irọ̀rí kan sáàárín wa.

Àrán tí a ó fi rán aṣọ ìkélé gbọ̀ngàn náà dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Àwọn méjì ló gbé e wọlé bí ẹni gbé igi. Ó pupa débi pé ó ń ṣú. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn ti ra gbogbo ohun tó kù nínú àwọ̀ yẹn, ẹni tó tà á fún un sì ti sọ pé òun kò lè rí irú rẹ̀ mọ́. Abala mẹ́fà ni yóò jẹ́. Òkè wọn yóò tẹ́jú, ìsàlẹ̀ wọn yóò sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ìgbì omi. Ọ̀gá kó teepu rẹ̀ sínú àpò, ó ní òun ń lọ wọn irin tí wọn yóò fi gbé e kọ́. "Kí n tó dé," ó sọ fún Pẹ̀lẹ́, "kí o ti gé méjì àkọ́kọ́."

N kò tíì jókòó níwájú aṣọ ìkélé gbọ̀ngàn ìṣeré rí. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé nìkan ni mo mọ̀, níbi tí ojú rírán ti ń hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú àrán yẹn sílẹ̀ tó ṣàn gba orí tábìlì lọ, mo rí gbogbo rẹ̀: iná tó kú, àwọn ènìyàn tó dákẹ́, aṣọ ńlá náà tó là sí méjì. Ẹnì kan lórí ìjókòó béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì pé, "Ta ló gé e?" Mo gbọ́ ìdáhùn náà, kì í sì í ṣe orúkọ mi.

Mo ṣì ń wo ìran yẹn nígbà tí mo rí ohun tí Pẹ̀lẹ́ ń ṣe.

Ó ti na aṣọ náà, ó ti wọ̀n ọ́n. Ó wá mú etí rẹ̀ kan, ó rìn padà, ó ṣẹ́ ẹ po lórí ara rẹ̀, ojú pàdé ojú, kí ó lè gé abala méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí mo ṣe kọ́ ọ gan-an nìyẹn. "Aṣọ gígùn, ṣẹ́ ẹ po," ni mo máa ń wí fún un nígbà tí a bá ń gé aṣọ tiwa nílé. "Ọwọ́ kan ni wàá fi gé méjì." Ó sì dára bẹ́ẹ̀ fún gbogbo aṣọ tí a ti jọ rán.

Àmọ́ àrán ní irun, irun náà sì ní ibi tó ń kọjú sí. Fi ọwọ́ ra á síhìn-ín, yóò máa dán. Ra á sí ọ̀hún, yóò ṣú bí ẹni pé omi ta sí i. Bí a bá ṣẹ́ ẹ po, irun ti ìsàlẹ̀ yóò kọjú sókè, ti òkè yóò kọjú sílẹ̀. Bí a bá wá gé ìgbì náà sí ìdí méjèèjì pọ̀, kò sí bí a ṣe lè yí ọ̀kan padà mọ́. Tí wọ́n bá gbé e kọ́ tí iná bá tàn sí i, abala kan yóò pupa, èkejì yóò dúdú, bí ẹni pé aṣọ méjì ni wọ́n so pọ̀. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Alámì fi máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ọfà sẹ́yìn àrán kí ó tó kan àlùmọ́gàjí: orí ọfà níbi tí irun bá kọjú sí, ọfà kan fún abala kan, kí gbogbo ọfà máa wo ibì kan náà. Ó fi hàn mí. N kò fi han Pẹ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí bó ṣe rí. Ní ọdún tó kọjá, àrán díẹ̀ wọlé, ti ìbòrí tìmùtìmù ni. Ìyá Alámì ní kí n fa ọfà sí i. Pẹ̀lẹ́ súnmọ́ mi, ó ń béèrè pé kí ni mò ń fà. Mo ní kí ó lọ ra òwú wá. Òwú kún àpótí wa.

Pẹ̀lẹ́ wá gbé àlùmọ́gàjí. Ó fi àtàǹpàkò tẹ òwú pupa náà.

Gbogbo ohun tí mo ní láti ṣe ni kí n má ṣe nǹkan kan. Èmi kọ́ ni mo ṣẹ́ aṣọ po. Ojú-Fèrèsé kò mọ̀ ju rírán lọ. Kí Ọ̀gá tó dé, aṣọ tí kò sí irú rẹ̀ mọ́ yóò ti bàjẹ́, àlùmọ́gàjí yóò sì padà sórí ìṣó. Ta ni yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Ó tún yé mi ní ìṣẹ́jú kan náà pé bí mo bá lanu, mo ti fi ọwọ́ ara mi lẹ ìka Pẹ̀lẹ́ mọ́ àlùmọ́gàjí náà. N óò jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn títí ọwọ́ tèmi náà yóò fi máa gbọ̀n. Ẹ̀rù yẹn tóbi ju owú lọ. Òun gan-an ló ń bọ́ owú.

Mo dìde, ṣùgbọ́n n kò lọ sídìí tábìlì. Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ooru. Ó ń lọ aṣọ ìkélé ilé ìwòsàn lọ. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé àkísà náà, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni, "Ọ̀dẹ̀, ṣé o rí i báyìí pé o ò mọ̀ ọ́n?" Mo gbé e lé àkísà. Ó jó. Mo wá gbé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà lé e, torí èmi ti rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í gbóná. Mo rí Ọ̀gá tó dúró sídìí tábìlì, tó káwọ́ lérí. Mo rí Pẹ̀lẹ́ tó ń kí àrán pẹ̀lẹ́. Mo rí ara mi lórí bẹ́ẹ̀dì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí Pẹ̀lẹ́ ń po tíì fún mi. Èyí jó ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo gbọ́ bí ẹnu àlùmọ́gàjí ṣe là.

"Pẹ̀lẹ́," mo ní. "Má tíì gé e."

Ó dúró. Ojú rẹ̀ ti ń retí àbùkù. Mo lọ sídìí tábìlì, mo ká etí abala òkè sẹ́yìn díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìsàlẹ̀. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi ra ọ̀kan, mo fi ra èkejì lọ́nà kan náà. Ọ̀kan dán. Ọ̀kan ṣú.

Ó wò ó. Ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra á lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ó sì jókòó sílẹ̀ nínú ègé òwú.

"Díẹ̀ ló kù kí n bà á jẹ́," ó ní. "Gbogbo rẹ̀."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ la máa ń fa ọfà sí. Ìyá Alámì fi hàn mí. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ rán ọ lọ ra òwú lọ́jọ́ yẹn kí o má baà rí i."

"Mo mọ̀," Pẹ̀lẹ́ ní. "Mo rí òwú tó kún àpótí nígbà tí mo padà dé."

"O ò sì sọ nǹkan kan?"

"Ẹ̀yin lẹ mú mi wá síbí."

Ojú-Fèrèsé ti ki gbogbo píìnì rẹ̀ padà sẹ́nu, bóyá kí ó má baà sọ̀rọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, títì ló ń wò nígbà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé.

"Àǹtí mi," Pẹ̀lẹ́ ní, ó ń wo ẹsẹ̀ mi. "Lọ́jọ́ Ajé, lóòótọ́ ni ẹ ń sùn. Mo dúró tì yín. Mo ti gbé ọwọ́ lé èjìká yín, mo wá rò ó pé tí ẹ bá jí, ẹ̀yin lẹ máa gbà á. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa gbà á. Mo bá ká ọwọ́ mi kúrò." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ìgbà tí ẹ wá ń súre fún mi, bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì ni."

Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, kí a gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é, ọ̀tọ̀ ni. Ohun gbígbóná yẹn tún gbéra nínú mi, mo sì jẹ́ kí ó dúró síbi tó dúró sí títí mo fi lè mí.

Ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú pupa kúrò lára àlùmọ́gàjí, òwú náà ń lọ́ pọ̀. "Ẹ gbà á," ó ní. "Tí Ọ̀gá bá dé, mo máa sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ló tọ́ sí."

Mo wo àlùmọ́gàjí náà. N kò ní purọ́ pé ọwọ́ mi kò yún mi. Bàbá Ooru ti gbé irin rẹ̀ dúró, ó ń wò mí.

Mo gba òwú pupa náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tú ibi tó ti lọ́ pọ̀, mo sì tún un wé mọ́ ìdìmú àlùmọ́gàjí, ó le ju bí òun ti wé e lọ. Mo wá ṣí àpótí, mo mú ṣọ́ọ̀kì.

"Gbọ́ mi dáadáa," mo sọ fún àbúrò mi. "Mò ń jowú ẹ. Mo jí pẹ̀lú ẹ̀ láàárọ̀ yìí, màá ṣì jí pẹ̀lú ẹ̀ lọ́la. Ohun tí o ṣe fún mi lọ́jọ́ Ajé dùn mí, mi ò tíì dárí ẹ̀ jì ẹ́. Sọ ọ́ fún Ọ̀gá tí o bá fẹ́. Ohun tó bá tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, èmi náà á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà, mi ò sì ní jókòó máa wò ẹ́ kí o ba aṣọ jẹ́. Èmi ni màá fa ọfà. Ìwọ lo máa gé e."